Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ìmòòkùn níbi òkìtì iyùn Key Largo

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lọ sí Key Largo ní Florida lóṣù kẹjọ. Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n a ò gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn rí. A gbọ́ pé iyùn ibẹ̀ ń kú. Ṣé ó ṣì tó lọ wò? Kí la máa rà, kí la sì máa ṣe tí a ò fi ní dá kún ìyà tó ń jẹ ẹ́?

Òmòòkùn Tampa
Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ lóṣù kẹjọ. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án ni omi ibẹ̀ máa ń gbóná jù, á tó dígíríì 30 ti Celsius tàbí kó lé, ìgbà ìjì ńlá náà sì nìyẹn. Iyùn kì í ṣe òkúta. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni, wọ́n kéré, wọ́n pọ̀, wọ́n sì so mọ́ra. Inú ẹran ara wọn ni ewédò kan tí ojú lásán kò rí ń gbé. Òun ló ń pèsè oúnjẹ fún wọn, òun náà ló ń fún wọn láwọ̀. Bí omi bá gbóná kọjá àlà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé ewédò náà jáde, á wá funfun báláú. Kò tíì kú nígbà yẹn o. Bí omi bá tètè tutù, ó lè gbà á padà. Bí kò bá tutù, ebi ni yóò pa á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo Florida Keys, àwọn erékùṣù tí Key Largo wà lára wọn, lọ́dún 2023 nìyẹn. Oríṣi méjì tó ti ń kọ́ òkìtì ibẹ̀ láti ayébáyé, èyí tó yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín àti èyí tó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán pátápátá. Ó dùn mí púpọ̀.

Síbẹ̀ ó tó lọ wò. Ní Molasses Reef, òkìtì iyùn kan nítòsí Key Largo, iyùn abẹ̀bẹ̀ ṣì ń jù síwá sẹ́yìn bí ìgbì bá ti ń mì ín, ìjápá òkun ń kọjá, ẹja ayékòótọ́ sì ń họ ewédò lára àpáta jẹ. Bẹ́ ẹ bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó gbọ́ ìró eyín wọn, bí ẹni ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò. Oṣù kárùn-ún ni kẹ́ ẹ mú, nígbà tí omi bá wà ní nǹkan bíi dígíríì 27.

Olùkọ́ Omi
Mo fara mọ́ oṣù kárùn-ún. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù fún iyùn náà ni pé kí ẹ mọ bí a ti ń dúró lójú kan nínú omi kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Nítorí náà ẹ má ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣe fún àlejò. Ẹ gba ẹ̀kọ́ Open Water, ẹ̀kọ́ ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ fún òmòòkùn. Ẹ ṣe ti inú ìwé àti ti inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí Houston níbẹ̀, kẹ́ ẹ gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́ yín pé ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ wá ṣe ìmòòkùn mẹ́rin tó kù ní Key Largo. Ìwé ẹ̀rí Open Water tẹ́ ẹ máa gbà lẹ́yìn náà gbà yín láyè dé mítà 18, Molasses Reef kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀ níbi tó dára jù: mítà 3 sí 12 ni.

Ọ̀ràn òjé tí a fi ń rì ló ń ba ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ jẹ́. Wọ́n á gbé òjé jù sí bẹ́líìtì, wọ́n á wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀wù BCD kí wọ́n má bàa rì. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù náà á máa fẹ̀ bí wọ́n ti ń gòkè, á máa fún pọ̀ bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, ara ò ní rójú. Òjé á fa ìbàdí wálẹ̀, ẹsẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ á sì máa gbá iyùn lẹ́yìn wọn láìmọ̀. Ẹ̀ka tí ẹsẹ̀ bá kán lẹ́ẹ̀kan, ọdún púpọ̀ ló fi hù ú.

Bí a ṣe ń wọn òjé nìyí. Ẹ wọ gbogbo nǹkan, ẹ dúró lóòró lójú omi, rẹ́gúlétọ̀ (ẹ̀rọ tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà) lẹ́nu, kẹ́ ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú BCD dànù. Ẹ mí sínú níwọ̀nba, kẹ́ ẹ dá a dúró díẹ̀, ẹsẹ̀ má ta omi. Omi gbọ́dọ̀ dé ọ̀gangan ojú yín. Bẹ́ ẹ bá mí jáde, kẹ́ ẹ máa rì díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rì kẹ́ ẹ tó mí jáde, ẹ yọ kílò kan, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé sílíńdà kún lẹ́ ṣe é, ẹ fi kílò méjì kún iye tẹ́ ẹ rí, torí afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ máa mí tán nínú rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa léfòó nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5 kẹ́ ẹ tó jáde.

Ẹ má dá èémí dúró bẹ́ ẹ bá ti wà nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró á fẹ̀ bẹ́ ẹ bá gòkè, ó lè ya á. Bẹ́ ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú etí (ẹ fún imú pa, kẹ́ ẹ rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i) kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ní gbogbo mítà kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀fìnkìn bá sì ń ṣe yín, ẹ jókòó sínú bóòtù lọ́jọ́ náà.

Adé Orí Omi
Máàsìkì nìkan ni kẹ́ ẹ rà, ẹ yá ìyókù. Ẹ gbé e sójú láìfi okùn rẹ̀ kọ́rí, kẹ́ ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ ojú, tó dúró, ó bá yín mu. Irun kan ṣoṣo lábẹ́ etí rọ́bà rẹ̀ tó láti jẹ́ kómi wọlé, nítorí náà ẹ kó irun dídì sẹ́yìn dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín fọ inú gíláàsì tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kùrukùru á bò ó.

Ẹ bi àwọn oníbóòtù léèrè: ṣé ẹnì kan máa bá wa wọ omi? Ọ̀pọ̀ bóòtù níbẹ̀ ni kì í fi amọ̀nà sínú omi àfi tẹ́ ẹ bá sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ san án. Ẹ sì rí i pé bọ́ì (ohun tó ń léfòó, tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ òkun) funfun tó ní ìlà búlúù ni wọ́n so bóòtù mọ́, kì í ṣe pé wọ́n ju ìdákọ̀ró sórí iyùn.

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìpara oòrùn wá ńkọ́?

Adé Orí Omi
Ẹ wọ ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ alápá gígùn. Èyí tẹ́ ẹ bá máa fi sójú, kó má ní oxybenzone nínú, kẹ́míkà kan tí wọ́n ní ó ń ṣe iyùn léṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ dákun, ṣé iyùn yìí náà ni àwọn ọba wa ń wọ̀ sọ́rùn?

Òmòòkùn Tampa
Rárá. Iyùn pupa ti ọrùn ọba, inú òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wà á, oníṣòwò ló gbé e dé ilẹ̀ wa láyé àtijọ́. Kì í kọ́ òkìtì bí ti Florida. Ní Key Largo, ẹ má mú iyùn kankan, kódà èyí tó ti kú, tó sì ti já sílẹ̀. Òfin kò gbà á.

Olùkọ́ Omi
Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ iyùn tó funfun yẹn. Kì í ṣe ooru nìkan. Láti ọdún 2014 ni àrùn kan ti bẹ̀rẹ̀ nítòsí Miami, ó ń bó ẹran ara kúrò lára iyùn líle. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ ooru, ẹran ara ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń dán bíi gíláàsì. Tó bá jẹ́ àrùn, egungun lásán lẹ ó rí, ìlà funfun kan á sì pààlà láàárín ibi tó ti bó àti ibi tó ṣì láwọ̀. Torí èyí, bẹ́ ẹ bá ti ibì kan lọ síbòmíràn, ẹ fi omi aláìníyọ̀ àti ọṣẹ apakòkòrò fọ gbogbo ẹ̀wù àti rẹ́gúlétọ̀, kẹ́ ẹ sá a gbẹ. Ẹ má da omi tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ sókun.

Ìyá Ìbejì Houston
A ti sún un sí oṣù kárùn-ún. Ọjọ́ Sátidé la máa mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì, à ń wọ bààlú láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ṣé kò léwu?

Olùkọ́ Omi
Ó léwu. Ó kéré tán, wákàtí 18 gbọ́dọ̀ wà láàárín bẹ́ ẹ bá mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí náítrójìn tó kù nínú ẹ̀jẹ̀, tó lè hó bí bààlú bá gòkè. Ẹ mòòkùn lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, kẹ́ ẹ fi Sátidé sinmi, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ bààlú náà sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú.