Báwo ni kí n ṣe to àwòrán Ojúde Ọba kí ó lè rọrùn láti rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ojúgbà wa, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀dọ̀ mi sì ni gbogbo àwòrán Ojúde Ọba wa wà. Oṣù ni mo fi pín wọn sí fódà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta Iléyá ni a ń ṣe ọdún náà, Iléyá sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ, nítorí náà oṣù kò ṣe é gbára lé. Àmì ohùn ló tún ń dà mí láàmú jù: bí mo bá kọ «Balógun», ẹni tó tẹ «Balogun» kì í rí i. Ìyá àgbà kan wá àwòrán ọkọ rẹ̀ olóògbé lórí ẹṣin, a wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n kọ ọdún ṣáájú, bíi «2019-Balogun-esin», kí n sì kọ orúkọ tó lámì sínú ìwé àkójọ lọ́tọ̀?