Ìjọ kékeré fẹ́ máa ran aláìní lọ́wọ́: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ìjọ wa ò tóbi, bí àgbàlagbà 120 ni wá. Àwọn alàgbà ti fọwọ́ sí i pé ká dá ètò ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ fún àwọn aláìní àdúgbò, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ, ì báà má jẹ́ ọmọ ìjọ. Èmi ni wọ́n ní kí n tò ó. Ohun tó wà nílẹ̀ ni yàrá òfìfo kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àpótí ọrẹ kan, àti èèyàn mẹ́jọ tó yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn kan ń dábàá pé ká kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ, ká kó oúnjẹ síta lẹ́yìn ìsìn, kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbà. Ọkàn mi ò gbà á. Báwo la ṣe ń mọ ẹni tí àìní ń bá fínra gan-an? Kí ni ká dì fún ìdílé kan, báwo ló sì ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Báwo la ṣe máa tọ́jú owó tí ẹnu ò fi ní í kùn wá? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ bá mi sọ.

Alága ìgbìmọ̀ àánú

Ọkàn yín ò tàn yín. Ẹ má kó oúnjẹ síta. Ẹni tó lágbára jù ló máa kọ́kọ́ dé ibẹ̀, arúgbó àti aboyún á wà lẹ́yìn. Oúnjẹ á tán kí ìlà tó dé àárín, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn jù lọ ò ní í yọjú rárá, nítorí ojú ń tì í kí gbogbo ìjọ rí òun tó ń gba oúnjẹ.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 fún àwọn mẹ́jọ yẹn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fò dá nínú ìpín ojoojúmọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé, èèyàn méje tó lórúkọ rere ni ìjọ yàn sórí iṣẹ́ náà. Ẹ wá wo orúkọ àwọn méje náà: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé láàárín àwọn tí wọ́n ń gbàgbé gan-an ni wọ́n ti mú àwọn tó máa pín in. Torí náà, tí gbogbo ìgbìmọ̀ yín bá jẹ́ ẹni tí kò mọ ohun tí ebi jẹ́, ẹ fi ẹni kan tó mọ̀ ọ́n kún un. Ohun tó máa rí, ojú ẹlòmíì ò ní í tó o.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́ràn. Ẹ lọ bá olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ta ọjà kéékèèké ládùúgbò, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ta lẹ ti ń rí tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò rí mọ́?” Ẹni tó bá ti dẹ́kun jíjáde ni ẹ ń wá. Ẹ bi àwọn ìjọ àti mọ́sálásí tó wà nítòsí náà ohun tí wọ́n ń ṣe. Tí àwọn kan bá ti ń fúnni lóúnjẹ lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sídìí tí tiyín ò fi ní í jẹ́ ọjọ́ míì.

Ìpín iṣẹ́ fún ẹni mẹ́jọ: méjì fún àbẹ̀wò, méjì fún stóò, méjì fún owó, ọ̀kan fún ìwé àkọsílẹ̀, ọ̀kan láti máa darí. Ẹni tó ń ṣàbẹ̀wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sanwó.

Díákónì obìnrin tó ń ṣàbẹ̀wò

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àbẹ̀wò kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ lọ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ẹ sì ti ránṣẹ́ ṣáájú. Deuteronomi 24:10-11 sọ pé ẹni tó yáni lóhun kò gbọdọ̀ wọlé lọ mú ohun ìdógò. Kó dúró síta, kí onílé fúnra rẹ̀ gbé e jáde wá fún un. Báyìí náà ni kí ẹ ṣe. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó sí ni kí ẹ jókòó. Ẹ má ṣí ìkòkò, ẹ má wo inú yàrá, ẹ má ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan ti tó. Èèyàn mélòó ló ń jẹun nínú ilé? Ọmọ ọdún mélòó làwọn ọmọ? Ṣé aboyún wà, ṣé ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú wà, ṣé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ wà? Ṣé wọ́n ní iná, ìkòkò àti omi tí wọ́n máa fi se oúnjẹ? Ìbéèrè iná yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀wà máa wà nílẹ̀ nínú ilé tí ebi wà. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni: “Tí a bá lè ṣe ohun kan ṣoṣo, kí ni ẹ máa fẹ́?” Nígbà míì, owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe oúnjẹ rárá.

Ẹ má béèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ, ẹ má sì béèrè ìdí tí ọkọ fi kúrò nílé. Kò sí ohun tí ìdáhùn yẹn máa yí padà nínú bí oúnjẹ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ má ṣèlérí lẹ́nu ọ̀nà náà o. Ẹ ní, “A máa fún yín lésì lọ́jọ́ báyìí,” kí èsì sì dé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “Rárá” ni èsì náà.

Alábòójútó stóò

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òṣùwọ̀n. 2,100 kalori (ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) fún èèyàn kan lóòjọ́ ni àwọn àjọ ìrànwọ́ fi ń ṣètò. Ìpín tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ìrẹsì tàbí ọkà míì 400 gíráàmù, ẹ̀wà 60, òróró 25, ṣúgà 15, iyọ̀ 5, wọ́n á sì fi ìyẹ̀fun aṣaralóore díẹ̀ kún un. Ẹ sọ ọ́ di ti ẹni mẹ́rin fún ọjọ́ 7, ẹ máa rí i pé ìrẹsì jẹ́ kílò 11.2, ẹ̀wà kílò 1.7, òróró bíi lítà 0.75. Ìjọ èèyàn 120 lè má lágbára ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìdajì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìdajì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gé ẹ̀wà sí ìdajì. Ẹ jẹ́ kó wà ní kílò 1.7, torí ìrẹsì ni wọ́n máa ń rí rà lówó kékeré, ohun tó ń fún ara lókun ló máa ń wọ́n nílé wọn.

Àpò ìrẹsì oníkílò 50 kan máa ń di àpò kéékèèké 9 tó jẹ́ kílò 5.5. Ìdajì kílò tó kù ni ti ìdànù. Ìwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi agolo bù ú, nítorí ọwọ́ ẹni kan ò rí bí ọwọ́ ẹnìkejì, ìdílé méjì sì máa ń gbé àpò wọn wé ara wọn. Ẹ da ìrẹsì sórí àwo fífẹ̀ kí ẹ tó dì í, kí ẹ rí kòkòrò àti òkúta. Ẹ̀wà pupa ńlá ní májèlé tí kì í kú àfi tó bá hó dáadáa fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10. Ẹ kọ ọ́ sí ara àpò náà. Ẹni tí kò níná, ẹ fún un ní oúnjẹ agolo, èyí tí a lè fọwọ́ ṣí. Agolo tí kò ní ohun tí a ó fi ṣí i, ẹ̀gbin ló jẹ́ fún ẹni tí ebi ń pa.

Nínú yàrá yẹn, ẹ gbé oúnjẹ sórí pákó tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀, kí àyè tí ọwọ̀ lè gbà sì wà láàárín òun àti ògiri, kí ẹ lè tètè rí ìgbẹ́ eku. Ọṣẹ àti kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ gbé yàrá kan náà, ìrẹsì àti ìyẹ̀fun a máa fa òórùn. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí nǹkan máa bàjẹ́ síwájú àpótí ní lẹ́tà gàdàgbà. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù ni kó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ wọlé.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò

Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá onístóò. Mo fẹ́ fi ohun tó lè pani kún un.

Agolo tó wú, tó ń jò, tàbí tó tẹ̀ níbi ojúùpàdé rẹ̀: ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò. Oúnjẹ sísè, tó bá gbóná, kó ju 60°C lọ. Tó bá tutù, kó wà nísàlẹ̀ 5°C. Tó bá ti wà láàárín méjèèjì fún wákàtí 2, kó má dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì sísè ló léwu jù, torí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ kì í kú nígbà tí a bá ń sè é, oró tó bá sì pọ̀ sínú rẹ̀ kì í lọ bí a bá tún un gbé kaná. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi oúnjẹ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀.

Mílíìkì ìkókó: ẹ má pín in bí ẹ ṣe ń pín ìrẹsì. Láti 1981 ni Àpérò Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tí ìyá bá gba agolo méjì, ọmú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Tí agolo bá tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi là á, omi náà sì lè má mọ́. Ìyá ni kí ẹ bọ́, kí ìyá lè bọ́ ọmọ. Ìkókó tí kò ní ìyá, tàbí tí kò ṣeé ṣe fún láti mu ọmú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ elétò ìlera.

Ẹ má gba oògùn tó ṣẹ́kù nílé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé àwo ńlá síwájú rẹ̀. Ara rẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Ọmọ oṣù 6 sí 59 tí okùn òṣùwọ̀n bá fi hàn pé àyíká apá òkè rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ti kọjá ohun tí àpò oúnjẹ lè yanjú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Akápò

Ti owó. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báǹkì, kì í ṣe ti ìjọ gbogbo, kì í ṣe ti pásítọ̀. Ẹni méjì tí kò bára wọn tan ni kó máa ṣí àpótí, kí wọ́n kà á papọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kúrò nínú yàrá. Àwọn tó ń dáàbò bo ara wọn ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà kò dá gbé owó ìrànwọ́ rìn. Ẹ ka Kọ́ríńtì Kejì 8:20-21.

Nínú ìròyìn oṣooṣù, ẹ kọ “Ìdílé 07”, ẹ má kọ orúkọ. Ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́mbà, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wà. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá béèrè nǹkan, kó jáde kúrò níjókòó títí wọ́n á fi pinnu. Owó tí ẹni kan fi sílẹ̀ fún oúnjẹ, ẹ má fi ra páànù.

Kí ẹ tó sọ iye ìdílé tí ẹ máa gbà, ẹ wo ọrẹ oṣù mẹ́fà, kí ẹ mú oṣù tí ọrẹ kéré jù, òun ni kí ẹ fi ṣètò. Ìjọ tó bá fi oṣù tó dára jù ṣètò máa já ìdílé jù sílẹ̀ ní oṣù kẹrin, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Mo ta ko ẹ̀yin ará lórí ohun kan: kì í ṣe oúnjẹ ló yẹ kó jẹ́ ìdáhùn nígbà gbogbo. Níbi tí ọjà bá ti wà tí nǹkan sì wà nínú rẹ̀, owó dára ju àpò lọ. Onílé mọ ohun tó tán nílé rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ àánú

Òótọ́ ni, Akápò, àmọ́ ìjọ tuntun ni wọ́n lórí iṣẹ́ yìí. Owó máa ń fa ẹlẹ́tàn mọ́ra kíákíá, kò sì sí ẹni tó ti mọ ojú àdúgbò dáadáa láàárín wọn. Kí wọ́n fi oúnjẹ ṣe oṣù mẹ́ta, kí wọ́n máa san owó ilé àti owó ilé ìwòsàn tààrà fún ẹni tó yẹ kó gbà á, kí wọ́n sì gba rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé àwọn ìdílé tí wọ́n ti mọ̀ lọ́wọ́.

Olùbéèrè

Ọlọ́run á bù sí i fún gbogbo yín. Ohun méjì ló kù. Àwọn olùfúnni fẹ́ rí fótò. Àwọn kan sì ní kí ẹni tó bá máa gbà kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ìwàásù.

Díákónì obìnrin tó ń ṣàbẹ̀wò

Fótò àpò tí ẹ tò sórí tábìlì ti tó wọn, kí ojú ẹnikẹ́ni má hàn níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ yà ní fótò lónìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé lè rí i lọ́la.

Ti ìwàásù, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ gbé oúnjẹ fún un kó máa lọ. Tó bá ní kí ẹ gbàdúrà fún òun, ẹ gbà á. Bí kò bá béèrè, ẹ kí i kó dáadáa, kí ẹ sì pè é ní orúkọ rẹ̀.

Alábòójútó stóò

Fún ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú ìdílé 20, ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún kálukú ní àkókò tirẹ̀ lórí káàdì: tábìlì méjì, ìdílé méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ máa parí láàárín wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú láìsí ìlà kankan níta. Ẹ to àga síbi tí òjìji wà fún ẹni tó bá tètè dé. Kí ẹnikẹ́ni má dá wà pẹ̀lú ọmọdé nínú yàrá. Àgbàlagbà méjì ni, kí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Arúgbó tí kò lè gbé kílò 8, kí ẹni méjì gbé e dé ilé fún un, kí wọ́n má sì fi aṣọ tó ní orúkọ ìjọ gbé e. Ìrẹsì àpò 50 kílò mẹ́ta ni kí ẹ rà, torí méjì máa fún yín ní 18 péré. Àpò 22 ni kí ẹ dì. Méjì tó lé yẹn, ẹ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé, tó kàn wá dúró lẹ́nu géètì tí kò lè sọ ohun tó bá wá.