Ẹni tó ti fọwọ́ ara ẹ̀ gé shim igi (igi pẹlẹbẹ tá a máa ń tẹ́ sábẹ́ ọrùn gìtá níbi tó ti wọnú ara) fún ọrùn gìtá rí, kó wá sọ tiẹ̀

Èmi á bẹ̀rẹ̀. Gìtá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gìtá oníná irú Stratocaster tó jẹ́ síkúrù mẹ́rin ló de ọrùn mọ́ ara, okùn ẹ̀ ga jù, mo ti yí saddle (irin kéékèèké tí okùn gbára lé) wálẹ̀ títí kò fi ríbi lọ mọ́, síkúrù kéékèèké orí ẹ̀ wá yọ ṣóńṣó ó ń gún mi lọ́wọ́. Truss rod, irin inú ọrùn tó ń mú un tọ́, ò ní wàhálà o, ọrùn tọ́ gbọnrangandan, bó ṣe jókòó sínú ara ni ò da.

Wọ́n ní kí n ki káàdì rìsáàjì bọ abẹ́ ọrùn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, Fender tó ń ṣe Stratocaster gan-an máa ń fi nǹkan pẹlẹbẹ sábẹ́ ọrùn láyé ọjọ́un, àmọ́ ẹ̀yìn nìkan ló ń gbé sókè, àárín á ṣófo, èmi ò sì fẹ́ àlàfo.

Mo tọrọ àjákù ọ̀gànwó lọ́wọ́ kafíńtà, mo gé e bá ojú ihò ọrùn, bíi mílímítà 56 sí 76. Kí ọrùn fi ìdajì dígírì dagun sẹ́yìn ni mo fẹ́, ìyẹn ni pé etí kan á nípọn tó mílímítà 0.66, ìkejì á fẹ́ẹ̀ pòórá. Mo fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, mo tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, mo wá ń fà á, mò ń tẹ ibi tó yẹ kó fẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, mò ń fi caliper wọn bó ṣe nípọn tó. Ẹ di imú yín o, eruku ọ̀gànwó kì í ṣeré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i lára téèpù, ibi tó nípọn ni kẹ́ ẹ ti ki bíléèdì bọ̀ ọ́, jẹ́jẹ́, torí etí kejì yẹn, ẹ mí sí i báyìí ó ti ya.

Ibi tó nípọn ló ń kọjú sí bridge o, ìyẹn ibi tí saddle wà lára gìtá! Ẹ yí i padà, okùn á tún ga sí i ni. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i.

— Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Báàsì ni tèmi, ọrùn ẹ̀ ló rì jù, okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí pickguard (ike tó bo ojú ara gìtá), fínía (awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) pẹlẹbẹ ni mo tẹ́ síbẹ̀, mi ò fá ẹ̀gbẹ́ kankan, ó gbé e sókè bó ṣe yẹ.

— Ẹ̀gbọ́n, arère ńkọ́? Òun ló wà nílé wa, ó sì rọrùn láti fá.

— Àbúrò, arère rọ̀ jù, síkúrù á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Wá ìrókò tàbí ọ̀gànwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gìtá alákósítíìkì, èyí tí kì í lo iná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tú ọrùn tiyín o, gọ́ọ̀mù ló di ọ̀pọ̀ ẹ̀ mú.