Òfin ní ọdún kan, onílé ní méjì: kí lojú yín rí nídìí ilé gbígbà?

Aránṣọ, Agége

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí ẹ wá bá mi dá sí i.

Lọ́dún tó kọjá, onílé wa kọ lẹ́tà pé ká kó jáde láàárín oṣù mẹ́ta, òun fẹ́ tún ilé ṣe. Ayálégbé tí kò bá mọ ìtumọ̀ "mo fẹ́ tún ilé ṣe" kò tíì pẹ́ l'Ékòó: wọ́n á kun ògiri, wọ́n á lẹ táìsì mọ́ ilé ìwẹ̀, owó ilé á sì di ìlọ́po méjì. Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú mi, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èwo ni kí èmi wò?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Ẹ̀jẹ́ǹtì àkọ́kọ́ gba 5,000 naira kó tó mú mi débì kankan, ó ní owó tí òun fi ń rìn ni. Yàrá àti pálọ̀ kan la rí. Ilé ìdáná rẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ lóyún. 400,000 naira lọ́dún. Àmọ́ ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ gbà, 800,000. Owó ẹ̀jẹ́ǹtì 80,000, àgírímẹ́ǹtì 80,000, kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, 50,000. Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, nítorí ilé 400,000.

Mo sọ fún un pé òfin ilé gbígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 kò fàyè gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ lọ gba ilé lọ́wọ́ òfin."

Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní òótọ́ ni, ìjìyà wà ńbẹ̀ pàápàá: 100,000 naira tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Inú mi ń dùn bọ̀, ló bá ní àti ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ni o. Ṣé ẹ rí i? Tí mo bá fẹjọ́ onílé sùn, ara mi ni mo ń fà lé wọn lọ́wọ́. Ó tún ní oṣù mẹ́fà ni òfin fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún kó tó kó jáde, àfi tí àgírímẹ́ǹtì bá sọ nǹkan mìíràn. Tiwa sọ nǹkan mìíràn. Òfin náà kò sì kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ilé ìjọba ńkọ́? Mo wádìí ẹ̀. Ètò tí ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016 dùn ún gbọ́: ẹ san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, ẹ kó wọlé, ẹ máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ ó fẹ́ ìwé owó orí àti ẹ̀rí owó tó ń wọlé. Àwọn tí mo ránṣọ Iléyá fún, Kérésì ni wọ́n ń sanwó mi. Ẹ̀rí wo ni kí n mú lọ?

Ọmọ Abẹ́sàn

Ẹ má bínú, irú onílé tí ẹ ń bú yìí ni èmi.

Akọ̀wé kékeré ni bàbá mi nígbà tí Lateef Jákáńdè ń ṣe gómìnà Èkó, láàárín 1979 sí 1983. Ó rí fúláàtì gbà nínú ilé pọ́ọ́kú tí ìjọba Jákáńdè kọ́ sí Abẹ́sàn. Àwọn mọ̀lẹ́bí wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìẹ ni, pé ta ló fẹ́ lọ gbé inú igbó. Inú ilé adìẹ yẹn ni àwa ọmọ mẹ́fà dàgbà sí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wa rí pé ká kó jáde. Mi ò mọ bí owó ilé ṣe ń dun èèyàn títí mo fi gbéyàwó.

Bàbá kú. Ilé pọ́ọ́kú di ogún ọmọ mẹ́fà, a fi háyà. Ọdún méjì là ń gbà, torí owó ọdún kan, tí a bá pín in sọ́nà mẹ́fà, kò tó nǹkan, òrùlé sì ń jò. Níbẹ̀rẹ̀ 2024, tí àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá 10,000 naira, ìgbà yẹn gan-an ni ògiri ẹ̀yìn là. Mo mọ̀ pé bàbá mi ò ní fara mọ́ owó ọdún méjì tí à ń gbà. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àna rẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀ Jákáńdè títí ó fi kú.

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Tèmi ò gùn. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ṣe. Òfin National Housing Fund, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, jáde lọ́dún 1992, ni wọ́n bá ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù mi. Wọ́n ní a lè fi yá owó kọ́lé, èlé rẹ̀ ìdá mẹ́fà péré. Mo lọ yá a, wọ́n ní kí n mú C of O wá, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti kó gbogbo ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, rìsíìtì yẹn kò ju bébà lọ lójú báńkì. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, wọ́n dá owó mi padà pẹ̀lú èlé ìdá méjì. Mo fi ra ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì. Ilẹ̀kùn náà dára o.

Aránṣọ, Agége

Hà, bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín!

Agbádó la kó lọ níkẹyìn, lápá ìpínlẹ̀ Ògùn. Owó ọdún kan ni onílé ibẹ̀ gbà. Ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù l'Ágége láàárọ̀, ọmọ lẹ́yìn, aṣọ oníbàárà lọ́wọ́.

Ọmọ Abẹ́sàn, mo gbọ́ àlàyé yín, mi ò bú yín mọ́. Ṣé ẹ ti rí ẹni gba fúláàtì yẹn? Àbúrò mi ń wá ilé. Owó ọdún kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ o.