Kóòdù kò wọlé: ṣé ọpọlọ ni àbí ìbẹ̀rù?

Ọmọ Ìsánlú, Leeds: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Bí lẹ́tà pupa bá ti yọ, àyà mi á já, màá sì pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Àbí ọpọlọ mi ti gbó jù fún un ni?

Ọmọ Kàbà, Toronto: Òkun o, àbúrò mi. Ọpọlọ rẹ kò gbó. Lẹ́tà pupa yẹn kò bú ọ, ibi tí nǹkan ti wọ́ ló ń fi hàn ọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni kí o kọ́kọ́ kà: ibẹ̀ ni Python ń dárúkọ àṣìṣe náà, nọ́ńbà ìlà tó ti ṣẹlẹ̀ sì wà lókè rẹ̀. Lọ́dún 1986, Roy Pea, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, kọ ọ́ pé àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé ọpọlọ kan fara pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Bí wọ́n bá rán àwa níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Bí o bá ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jẹ́ ẹ.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀, Houston: Iṣẹ́ alẹ́ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Kọ́kọ́ sùn ná, ọmọ mi. Láti 1988 ni John Sweller, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ẹ̀kọ́, ti ń ṣàlàyé pé ohun tí ọpọlọ lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀, bí ẹrù bá sì ti wúwo jù, ẹ̀kọ́ kì í dúró. O ń ro àmì, o ń ro ìtumọ̀, o tún ń ro ìṣòro fúnra rẹ̀. Má tíì dá kọ tìrẹ. Mú kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ parí, sọ ohun tí yóò ṣe kí o tó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é, lẹ́yìn náà kí o yí ẹyọ ohun kan padà.

Ọmọ Ìsánlú, Leeds: Ẹ ṣé mà. Ojú tún ń tì mí láti béèrè ní kíláàsì. Àwọn ọmọ tí mo lè bí ló yí mi ká.

Ọmọ Kàbà, Toronto: Ilé ló kọ́ wa pé ká dákẹ́ níwájú olùkọ́. Níbí, bí o bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé ó ti yé ọ. Wá bá wa lórí Zoom ní Sátidé. Àwọn kan ń wọlé láti Mopa àti Ìyàrà, ẹgbẹ́ rẹ sì pọ̀ nínú wọn. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, ti sọ ọ́ ní 1977 pé rírí ẹni bíi tẹni tó ṣe é yọrí máa ń fún ni nígboyà.

Ọmọ Ìsánlú, Leeds: Màá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kóòdù wo ni kí n mú wá?

Ọmọ Kàbà, Toronto: Èyí tó pupa lánàá. Má pa á rẹ́.