Mo da kásẹ́ẹ̀tì ọkọ ọmọ mi nù nítorí agbárí òkú tó wà lára páálí rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́?

Ìyá Àgbà Baltimore:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu mi.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà ní Amẹ́ríkà níbí, mo wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Òyìnbó ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àràárọ̀ ló ń kí mi ní "ẹ káàárọ̀ mà". Bó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní kí n bá wọn tún yàrá ọmọ ṣe. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti bá páálí bàtà márùn-ún tí kásẹ́ẹ̀tì kún inú wọn, irú èyí tí a fi ń gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà láyé àtijọ́. Wọ́n fi báírò kọ ọjọ́ àti orúkọ ìlú sára ìkọ̀ọ̀kan. Lórí páálí kan, wọ́n lẹ àwòrán agbárí òkú mọ́ ọn: ìdajì pupa, ìdajì búlúù, mànàmáná funfun la àárín rẹ̀. Wọ́n kọ Grateful Dead sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí fóònù mi túmọ̀ rẹ̀. Ó ní "òkú tó dúpẹ́". Ara mi ṣe gìrì. Òkú wo ló ń dúpẹ́, lọ́wọ́ ta ni, nínú yàrá ọmọ ọmọ mi? Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo gbé páálí yẹn síta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ìdọ̀tí. Kí n tó wẹ ọmọ tán, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ti gbé e lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ ọmọ mi béèrè rẹ̀. Mo sọ bó ṣe jẹ́. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ọmọ, ó ka àwọn páálí tó kù, ó tún un kà. Kíṣìnì ni ọmọ mi ti wá sọ fún mi pé bàbá ọkọ òun tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ gba àwọn orin yẹn sílẹ̀. Ìlú dé ìlú ló ń tẹ̀ lé àwọn olórin náà, á sì mú ọmọ rẹ̀ dání. Nínú ọ̀kan lára èyí tí mo dà nù, wọ́n ń gbọ́ ohùn bàbá náà láàárín orin, tó ń sọ fún ọmọ pé kó rọra jókòó kó má baà ṣubú.

Látìgbà náà, èdè òyìnbó ló fi ń kí mi láàárọ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ẹgbẹ́ awo ni wọ́n ni? Báwo ni mo sì ṣe máa bẹ ẹni tí mo ba ohun tí kò ṣeé rà lọ́jà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́?

Sìsí Peckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ̀bi. Ká ní ọ̀dọ̀ yín ni òyìnbó yẹn dé sí, tó rí ère ìbejì ìyá yín àgbà nínú àpótí, tó ní òun ò fẹ́ràn ojú rẹ̀, tó gbé e síta ńkọ́? Gbogbo ẹbí ni ì bá gbọ́.

Bàbá Eléwé:
Èmi ò rí ẹ̀bi ìyá o. Ẹ̀gbẹ́ agbárí kọ́ ni ọmọ tuntun ń sùn. Ẹ máa gbàdúrà.

Ọmọ Onílù:
Ẹ kú ìsinmi mà. Ẹ fọkàn balẹ̀, wọn kì í ṣe awo. Olórin rọ́ọ̀kì ni wọ́n, California ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965. Mo ti gbé ìlú Oakland pẹ́, mo mọ àwọn èèyàn wọn.

Orúkọ yẹn tó dẹ́rù bà yín, inú ìwé ni Jerry Garcia, onígìtá wọn, ti ṣàdédé ṣí bá a. Àlọ́ àtijọ́ kan ló wà nídìí rẹ̀. Ọkùnrin kan ń rìnrìn àjò, ó bá òkú kan nílẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n sin, nítorí gbèsè tó jẹ kó tó kú. Ó tú àpò owó tó mú dání, ó san gbèsè, ó sin òkú ọlọ́kú. Nígbà tó yá, wàhálà dé bá a lójú ọ̀nà, àjèjì kan yọ sí i, ó sì gbà á sílẹ̀. Òkú ọjọ́sí ni, ó wá dúpẹ́ oore. Mà, ká ní ẹ̀yin gbọ́ èyí lábẹ́ òṣùpá ní kékeré, ṣé ẹ ò ní gbe orin rẹ̀ ni?

Nípa kásẹ́ẹ̀tì. Bí olórin mìíràn bá rí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́ yín lóde eré, gbígbà ni wọ́n máa gbà á. Àwọn wọ̀nyí fàyè gbà á. Nígbà tó di 1984, wọ́n ya ààyè sọ́tọ̀ lẹ́yìn tábìlì ẹni tó ń darí ohùn, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ máa rí wọn pẹ̀lú ọ̀pá gíga tí máíkì wà lórí rẹ̀, bí oko ìrèké. Ẹ gbà á, ẹ fún ara yín, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ tà á: àdéhùn tó wà láàárín wọn nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ ẹ̀dà tìrẹ, màá fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ránṣẹ́ sí ẹ pẹ̀lú owó ìfìwéránṣẹ́, wàá dà á kọ, wàá fi ránṣẹ́ padà. O lè má rí ojú mi títí ayé.

Ìdí tí wọ́n fi ń gba gbogbo alẹ́ sílẹ̀ ni pé alẹ́ kan kì í jọ èkejì. Orin tí wọ́n kọ lánàá, wọ́n lè máà kọ ọ́ lónìí. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́, ó lè gùn ní ìlọ́po méjì. Eré tó lé ní 2,300 ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 30.

Ìyá Àgbà Baltimore:
O ṣé, ọmọ mi. Àlọ́ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti lọ yẹ ara páálí tó kù wò, mo rí àwọn béárì aláwọ̀ mèremère tó ń jó, wọn ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn ń fa igbó. Ṣé òótọ́ ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Òótọ́ ni mà, igbó nìkan kọ́ sì ni. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Jerry Garcia fúnra rẹ̀ bá oògùn olóró heroin wọ̀yá ìjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1995, ilé ìtọ́jú ni àìsàn ọkàn ti pa á. Ọmọ ọdún 53 ni.

Àwọn olólùfẹ́ wọn kan náà ló dá ẹgbẹ́ Wharf Rats sílẹ̀, fún àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn àmọ́ tí wọn ò fẹ́ fi orin sílẹ̀. Bí àwọn olórin bá sinmi láàárín eré, bàlúùnù yẹ́lò ni wọ́n máa ń fi ṣàmì ibi tí wọ́n jókòó sí, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yẹ̀ lè rí wọn láti òkèèrè. Mo ti rí àwọn tó ń jáwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo mọ ohun tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún èèyàn.

Bàbá Eléwé:
Ẹ rí i? Mo ní kí ẹ máa gbàdúrà.

Ẹ̀gbọ́n Chicago:
Ẹ má sọ wọ́n di áńgẹ́lì fún ìyá o. Lọ́dún 1987 tí orin wọn kan wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, èrò tí kò mọ àdéhùn kankan ya dé. Ní oṣù keje 1995, ní Deer Creek ní Indiana, àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì wó ọgbà wọlé, ọlọ́pàá ta tajútajú, wọ́n sì fagi lé eré ọjọ́ kejì. Àwọn olórin kọ lẹ́tà bá àwọn olólùfẹ́ wọn wí, bí bàbá ṣe ń bá ọmọ wí. Ọjọ́ 9 oṣù yẹn ni Garcia bá wọn ṣeré kẹ́yìn, ní Soldier Field ní Chicago níbí.

Ọmọ Onílù:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Mà, ẹ tún gbọ́ èyí. Apá kejì eré wọn, gbogbo olórin á kúrò lórí ìtàgé, á wá ku àwọn onílù méjì, wọ́n á lulù títí. Mickey Hart ni ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ nínú ìlù ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lọ́nà Badagry, tó gbé ìlù wa dé New York, tí àwo rẹ̀ jáde lọ́dún 1960. Nígbà tí Hart kó àwọn onílù àgbáyé jọ ṣe àwo Planet Drum lọ́dún 1991, Ọlátúnjí wà níbẹ̀, Síkírù Adépọ̀jù náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú gángan lábíyá. Ọmọ Èrúwà ni Síkírù. Nítorí náà, nǹkan tí ẹ gbé síta yẹn, ilé wa ò jìnnà sí i.

Sìsí Peckham:
Onílù, o ti ń lù ú jù. Ìyá ń wá ọ̀nà àtibẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Akọ̀wé Ìkàwé:
Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀. Mà, nǹkan tí ẹ dà nù lè má tíì sọnù.

Ẹni tó bá gba orin sílẹ̀ nígbà náà kì í dá ẹ̀dà kan ṣoṣo ní. Bí bàbá ọkọ ọmọ yín bá da tirẹ̀ kọ fún èèyàn mẹ́ta, àwọn mẹ́ta náà á da tiwọn kọ fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀dà máíkì tirẹ̀ gan-an ni, ariwo èrò tó yí i ká wà nínú rẹ̀, ohùn òun náà á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ wulẹ̀ ra àwo alẹ́ yẹn. Èyí tí ilé iṣẹ́ ń tà, orí tábìlì ohùn ni wọ́n ti gbà á, kò lè sí ohùn bàbá níbẹ̀.

Ẹ lọ sí Internet Archive, ibi ìpamọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré wọn wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó rí alẹ́ kan ṣoṣo tí èèyàn márùn-ún gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbà á sábẹ́ rẹ̀, irú máíkì tó lò, àti ọwọ́ tó ti kọjá. (Lọ́dún 2005 wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ fárí gá, kò pẹ́ tí èyí tí èrò gbà sílẹ̀ fi padà.) Orúkọ bàbá, ìlú àti ọjọ́ nìkan lẹ nílò. Ẹ tún béèrè bóyá ìwé kan wà tó ń kọ orúkọ àwọn tó dà á kọ fún sí. Irú wọn kì í ṣàìní ìwé.

Nípa ẹ̀bẹ̀, ẹ má rán ọmọ yín. Ẹ lọ fúnra yín. Ẹ má kúnlẹ̀ o, ẹ̀rù á bà á, á pe dókítà. Ẹ ní kó mú ọ̀kan nínú èyí tó kù, kó jẹ́ kí ẹ jọ gbọ́ ọ.

Ìyá Àgbà Baltimore:
Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. Mo ti ṣe é.

Alẹ́ àná, nígbà tí ọmọ sùn, mo lọ bá a. Mo ní mo jẹ̀bi, mo ní ojú agbárí ni mo wò, mi ò wo ọwọ́ tó kọ ọjọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó jẹ́ n gbọ́ ọ̀kan. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó lọ gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan jáde. A gbọ́ gìtá títí, kò yé mi, mi ò ní purọ́. Oorun ti ń kùn mí. Ìgbà tó dé ibi ìlù tí Ọmọ Onílù wí ni mo jí. Mo ní, "Wọn ò ṣe gbé dùndún sí i?" Mo bá pa ìtàn ọmọ Èrúwà fún un. Ó mọ̀ ọ́n! Ó ní òun àti bàbá òun jọ wo Ọlátúnjí ní ọjọ́ kan, òun ò mọ̀ pé Yorùbá ni.

Ìwé yẹn wà, Akọ̀wé. Ìwé pélébé aláwọ̀ ewé, orúkọ èèyàn àti àdírẹ́sì kún inú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 12 ló wà nínú páálí tí mo dà nù. Wọ́n ti rí mẹ́rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ bàbá lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ohùn wà nínú rẹ̀ kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n rí ẹnìkan nínú ìwé náà tó ṣì ń gbé àdírẹ́sì kan náà ní Oregon. Ó lóun ní in. Ọkọ ọmọ mi bi í pé èló ni. Bàbá yẹn ní kò sí èló níbẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì òfìfo méjì àti owó ìfìwéránṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Èmi ni mo ní màá ra kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Baltimore níbí, àwọn ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó ń béèrè ọlọ. Olóníṣẹ́jú 90 ni wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi.