Ilé ajẹ́pè ni, kì í ṣe ilé ọlọ́gbọ́n

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Kàdúná kọ lánàá, pé "ilé ọlọ́gbọ́n" ni ká máa pe ilé tí èèyàn ń fi fóònù tan iná rẹ̀, tó sì ń ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá gbà kó mú òmíràn wá. Mo mú un wá: ilé ajẹ́pè, ilé tó ń jẹ́ ìpè.

"Oní-" inú ọlọ́gbọ́n yẹn ló ń bí mi nínú. Oní àti ọgbọ́n ló di ọlọ́gbọ́n, ẹni tó ni ọgbọ́n. Ilé wo ló ni ọgbọ́n? Ẹ̀gbọ́n fi òwe gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àti pé ọgbọ́n ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni ilé ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún òwe yẹn gbọ́. Ta ni ọlọ́gbọ́n inú rẹ̀? Ẹni tí wọ́n yá ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹni tó yá a. Òwe tí ẹ̀gbọ́n mú wá gan-an ló tako wọn.

Èmi fúnra mi ni mo to ilé mi ní Lugbe, ní Àbújá níbí. Ike kékeré méjì ni mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀kan lára ilẹ̀kùn, ọ̀kan lára férémù, mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú ọ̀kan. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí tí méjèèjì pínyà, fóònù mi á dún. Nígbà tó yá, mo fi èyí tó ń mọ ooru ara èèyàn kún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Inverter gbé gílóòbù, ṣùgbọ́n n kò so ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ́ ọn. Mo ní kí ilé tan iná yàrá, kò dá mi lóhùn. Ọmọ mi ló dìde lọ tẹ ṣúìṣì ara ògiri. Ọlọ́gbọ́n wo ni ọgbọ́n rẹ̀ ń bá iná lọ? Nígbà tí mo so ráútà mọ́ inverter, mo pè é, ó jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ náà nìyẹn.

Àwọn baba wa kì í fi oríyìn sọ ẹ̀rọ lórúkọ. Rediffusion dé Èkó ní 1935, àpótí tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní 1959, ó di amóhùnmáwòrán. "A-" ni wọ́n dì mú, a- tó ń sọ ohun tí nǹkan ń ṣe. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n ní Ìlọrin, máa ń ní ká tú ọ̀rọ̀ wò ká tó gbà á. Ẹ tú ajẹ́pè: a, jẹ́, ìpè. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Àǹtí wa tó ń gbé Kubwa ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ yóò gbọ́ "àjẹ́" nínú rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí à ti àjẹ́, ohùn àárín ló wà lórí a ti ajẹ́pè. Ṣé ẹnì kan gbọ́ àjẹ́ rí nínú ajẹ́rìíkú tí wọ́n máa ń dárúkọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹni tí kò fi àmì sí i ni kí wọ́n bá wí.

Ní ti álààmù, n kò fara mọ́ "agogo ìdágìrì" tí wọ́n ní ká máa pè é. Èèyàn ni ìdágìrì ń bá. Tèmi ń ta mí lólobó ni, ó ti tó kó jẹ́ atanilólobó. Ẹni tó bi mí pé kí ni olobó gan-an, mo ṣì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹni tó sì ní ká má pe kámẹ́rà ẹnu géètì ní mẹ́gáàdì torí pé ti Haúsá ni, ọ̀dọ̀ wọn náà ni àlùbọ́sà ti wá, Yorùbá kankan kò sì kọ̀ ọ́. N kò ní yí i padà.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń retí èsì yín lórí oní- yẹn.